Orin Ló Bí "52x" Tó Wà Lára Ẹ̀rọ Síídì

Ẹ wo iwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ èyíkéyìí tó ní ihò àwo síídì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí "52x" tàbí "48x" níbẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "MAX". Lónìí tó jẹ́ pé mẹ́gábíìtì la fi ń mọ bí dátà ṣe ń yára tó, ọ̀pọ̀ ló ti rò pé "x" yẹn kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní ìtumọ̀ gidi, ibi tó sì ti ṣẹ̀ wá jìnnà sí kọ̀ǹpútà.

Iléeṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti ilẹ̀ Japan ló jọ gbé ìlànà síídì kalẹ̀ ní 1980. Ní 1982, síídì dé ọjà ní Japan. Orin nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Kí ohùn tó lè di nọ́ńbà, ẹ̀rọ ní láti máa wọn ohùn náà léraléra, ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi í sí. Kí ló dé tí wọn ò mú 40,000 tàbí 45,000 tó rọrùn láti rántí? Nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba fídíò sílẹ̀ ni wọ́n ń lò láti tọ́jú nọ́ńbà rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ lásìkò náà. Wọ́n á to nọ́ńbà ohùn sórí ìlà àwòrán tẹlifíṣọ̀n: nọ́ńbà 3 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà 245 nínú ìdajì àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìdajì àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ọ̀kan lọ́po èkejì, 44,100 ló máa jáde. Ní Yúróòpù tó jẹ́ pé 50 ni tẹlifíṣọ̀n wọn ń lò dípò 60, ìlà 294 ni wọ́n mú, iye kan náà ló sì já sí. Èmi ò tíì rí nọ́ńbà tó wù mí tó èyí nínú ìtàn ẹ̀rọ: tẹlifíṣọ̀n ló yan iye tí a fi ń gbọ́ orin.

Ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 16, etí ọ̀tún àti etí òsì sì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn jẹ́ bíìtì 1,411,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà báìtì 176,400 ni. Wọ́n dì wọ́n sí ìdì 75, báìtì 2,352 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan.

Ní 1983, iléeṣẹ́ méjèèjì ṣe ìlànà mìíràn kí àwo orin yìí lè gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí báìtì kan bá bàjẹ́ nínú orin, etí lè má fura. Bó bá bàjẹ́ nínú ìwé owó, iye owó oníowó ti yí padà nìyẹn. Wọ́n wá yọ apá kan sọ́tọ̀ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan fún àdírẹ́sì àti fún títún àṣìṣe ṣe, ó ku báìtì 2,048 fún dátà gan-an. Ìdì 75 lọ́nà 2,048 jẹ́ báìtì 153,600. Ẹ fi 1,024 pín in, bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣe ń ka kílóbáìtì nígbà náà, 150 géérégé ni. Òun ni 1x: bí àwo ṣe ń yára tó nígbà tó bá ń kọ orin fún èèyàn.

Kọ̀ǹpútà kò nílò láti dúró de orin. Eré àsápajúdé wá bẹ̀rẹ̀. Ní 1993, ìlànà MPC tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà olóhùn àti alàwòrán mọ̀ ní kí ẹ̀rọ síídì lè ka kílóbáìtì 300 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìlọ́po méjì 1x, tí í ṣe 2x; ní 1996, ó ti di 600, ìyẹn 4x.

Ibi tí "MAX" ti wọlé rèé. Àwo orin kì í yí bákan náà látòkè délẹ̀. Bí iná lésà tó ń ka àwo bá wà nítòsí àárín, àwo ń yí tó ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá dé etí, ó ti rọlẹ̀ sí bíi 200, kí dátà tó ń kọjá níwájú iná lè dọ́gba. Nígbà tí eré pọ̀ jù, mọ́tò ò lè máa dẹ̀ kó tún máa le bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá jẹ́ kí àwo máa yí bákan náà títí, èyí tó lé ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan fún 52x. (Iléeṣẹ́ Kenwood gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n pín iná lésà sí 7 kí ó máa ka ojú ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.) Etí àwo nìkan ni 52x ti ṣeé rí. Ní àárín, díẹ̀ ló fi lé ní 20x, àárín yẹn sì ni àkọsílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwo tí kò kún dé ìdajì kò ní rí 52x láéláé. Kíkọ tí wọ́n kọ 52x gàdàgbà, tí wọ́n sì kọ "MAX" wẹ́wẹ́, mo kà á sí àìṣòdodo sí oníbàárà.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ti òde òní, kó fi 8 lọ́po 153,600: 1x jẹ́ mẹ́gábíìtì 1.23 ní ìṣẹ́jú àáyá, 52x sì jẹ́ bíi 64. Ṣùgbọ́n "x" dífídì yàtọ̀, mẹ́gábíìtì 11.08 ni tirẹ̀; ti Blu-ray jẹ́ 36. Ìdí nìyẹn tí dífídì 16x, tó jẹ́ bíi mẹ́gábíìtì 177, fi ń sáré ju síídì 52x lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má fi "x" wé "x" láìmọ irú àwo tó jẹ́. Bí ẹ bá sì ń da fọ́tò kọ látinú síídì àtijọ́, tí ẹ rí i pé mẹ́gábáìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.