Láfẹ́nwá àti Orúkọ Tí Orí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Jẹ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí òwe yìí ti bá ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá irin mu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi nọ́ńbà nìkan dá orí ọkọ̀ ojú irin wọn mọ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń sun èédú, tí ó sì ń fi ooru omi fa àwọn ọkọ̀ yòókù. Wọn a máa pín wọn sí ọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ a sì ní irú orúkọ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Great Western ní ọ̀wọ́ Castle, tí ń jẹ́ orúkọ ilé olódi àtijọ́, àti ọ̀wọ́ King, tí ń jẹ́ orúkọ àwọn ọba. Ẹni tí ó bá ka àwo orúkọ wọ̀nyí yóò mọ ohun tí àwọn tí ó ni ẹ̀rọ fi ń yangàn.

Ọ̀wọ́ Jubilee ni ó kan Nàìjíríà. William Stanier ti ilé-iṣẹ́ London, Midland and Scottish ni ó ṣe ètò wọn, 191 ni a sì rọ láàrin 1934 àti 1936. Ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí oyè, ní 1935, ni ọ̀wọ́ náà ti gba orúkọ. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ọba náà. Nọ́ńbà 5619 sì ń jẹ́ Nigeria. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ kò tíì pé 40 ọdún nígbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1897 ni Flora Shaw dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times, ní àsìkò tí irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896 ń bọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1898 iṣẹ́ dé Abẹ́òkúta. Ní 1901 ọ̀nà náà ṣí dé Ìbàdàn.

Nigeria yìí kò fi ẹsẹ̀ kan Nàìjíríà rí. Kì í ṣe òkun nìkan ni ó dí i lọ́nà. Àlàfo àárín irin méjèèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1435. Ti Láfẹ́nwá jẹ́ 1067 péré, nítorí pé ojú irin tóóró kò náni lówó púpọ̀. Ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ yìí kò lè rìn lórí irin rẹ̀.

Ojú tí àwọn Ẹ̀gbá fi wo irin náà kò sí lára àwo orúkọ kankan. Ní 1918, nígbà tí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe dá Ogun Àdùbí sílẹ̀, ńṣe ni àwọn jagunjagun hú irin ní ìhà gúúsù Abẹ́òkúta.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni orúkọ yí padà. Láti 1948 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Vulcan Foundry àti North British bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ̀wọ́ River fún Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ méjì níwájú, mẹ́jọ láàrin, méjì lẹ́yìn. Orúkọ odò ni wọ́n sì ń jẹ́. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí gómìnà. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ kò lè rí pátákó tí ó dára ju èyí lọ. Ẹ̀rọ náà wúlò tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi wò ó ṣe ọ̀wọ́ 29 tirẹ̀, tí ó sì fi orúkọ àwọn ẹ̀yà ìhà ibẹ̀ pè wọ́n.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ Jubilee tí ń jẹ́ Gold Coast di Ghana ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira ilẹ̀ náà. Nigeria kò nílò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ní 1960, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ dísùùlù ti ń lé gbogbo wọn lọ. Mẹ́rin ni ó ṣẹ́kù nínú 191. Nigeria kò sí nínú wọn.

Ní oṣù kẹfà 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn báyìí: ti Abẹ́òkúta, tí ó wà ní Ládẹ́rìn, ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká. Àlàfo irin ibẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1435. Bí nọ́ńbà 5619 bá wà láyé lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá bá irin Ládẹ́rìn mu, kò ní bá ti Láfẹ́nwá mu.