Ọ̀nà yangí kì í ṣe ọ̀nà òṣì: kẹ̀kẹ́ láti Aguidi dé àfonífojì Ouémé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Aguidi, nínú kọmúnù Sakété, ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹ. Ọ̀nà ọ̀dà ńlá kan ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá, ó gba Sakété àti Pobè kọjá lọ sí Kétu. Ọkọ̀ àti alùpùpù ni ó pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà láàrin igbó ọ̀pẹ, ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní abúlé kejì, àti obìnrin tí ó ń gbé gàrí lọ sí ọjà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni, ọ̀nà yangí.

Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Kì í mu epo, ó sì ń gba ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀nà yangí sí àmì òṣì, wọ́n sì ka kẹ̀kẹ́ sí ohun ìní ẹni tí kò rí owó ra alùpùpù. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, èrò ti yí padà. Owó gidi ni àwọn ènìyàn ń ná níbẹ̀ kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ lórí irú ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìnkùlé Aguidi.

Ohun tí ayé ń wá lórí ọ̀nà yangí

Ní ọdún 2006, àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ díje lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tí ó gba àárín pápá ìjẹko màlúù kọjá. Ìrìn náà gùn tó 320 kìlómítà. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe níbẹ̀, owó sì ń wọ inú ìlú.

Ní ọdún 2021, irú ìdíje bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ní ilẹ̀ àwọn Maasai. Ní ọdún 2022, àjọ tí ó ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àgbáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún irú ọ̀nà yìí, ní Ítálì. Ilẹ̀ Áfíríkà kò sì gbẹ́yìn nínú eré kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ Eritrea, gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ìdíje Tour de France. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gbàlejò ìdíje àgbáyé ti ọ̀nà ọ̀dà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà wáyé ní Áfíríkà. Benin náà ní ìdíje tirẹ̀, tí a ń pè ní Tour du Bénin.

Kí ni àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yangí ń wá? Wọ́n ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ń wá igi, odò, abúlé tí ènìyàn ti lè rí omi mu, àti ilẹ̀ tí ó ń yí padà bí ènìyàn ti ń lọ. Gbogbo èyí wà ní agbègbè Aguidi.

Irú ilẹ̀ mẹ́ta

Ilẹ̀ àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ pupa. Òun ni ó bo òkè pẹrẹsẹ Sakété àti Pobè. Ọ̀pẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi dá ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè ní ọdún 1922, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí òjò bá rọ̀ níwọ̀nba, ilẹ̀ pupa máa ń dì, kẹ̀kẹ́ a sì máa yí lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ a máa bo ewé àti aṣọ. Bí òjò ńlá bá dé, omi a máa gbẹ́ kòtò sí àárín ọ̀nà.

Ilẹ̀ kejì ni ilẹ̀ dúdú. Ẹni tí ó bá kọjá Pobè lọ sí apá Issaba yóò sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Lama ni a ń pe ilẹ̀ kòtò yìí. Ọ̀rọ̀ èdè Potogí ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹrẹ̀. Orúkọ náà bá a mu. Amọ̀ dúdú yìí a máa mu omi, a sì máa wú. Nígbà òjò, ó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́, ẹni tí ó gùn ún a sì wá di ẹni tí ń ru kẹ̀kẹ́ lórí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ kan náà a máa sán, ojú sísán náà sì lè gbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Kò sí ẹni tí ó mọ àkókò tí ilẹ̀ dúdú ṣeé gbà bí àgbẹ̀ tí ó ń ro ó.

Ilẹ̀ kẹta ni àfonífojì odò Ouémé. Apá ìwọ̀ oòrùn ni ó wà, níhà Bonou àti Adjohoun. Ouémé ni odò tí ó gùn jùlọ ní Benin, ó gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Apá àríwá ni orísun rẹ̀ wà, ó sì ń ṣàn lọ sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́, nítòsí òkun. Ìdí nìyí tí odò náà fi lè kún nígbà tí òjò kò tíì pọ̀ ní Sakété: òjò tí ó rọ̀ ní àríwá ni ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí di oṣù kọkànlá, omi lè bo ọ̀nà àti oko, ọkọ̀ ojú omi a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí omi bá lọ, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ó ń fi sílẹ̀ fún àgbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó ṣe fún ọ̀nà yangí kò ní idán nínú. Táyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ eré orí ọ̀dà lọ. Táyà tí ó fẹ̀ kì í tètè rì sínú yanrìn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì ní láti le koko, nítorí náà kì í fi gbogbo ara ta nígbà tí ó bá gun òkúta. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ lásán lè lo ọgbọ́n kan náà. Kí ó ra táyà tí ó fẹ̀ dé ìwọ̀n tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè gbà. Kí ó dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀ lórí yanrìn, kí ó sì fi kún un nígbà tí ó bá di ẹrù.

Kí ó yẹ bíréèkì wò kí ó tó kúrò nílé, pàápàá bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí odò. Kí ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣéènì, kí ó sì fi òróró sí i. Kí ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀, kí ó sì dọ́gba ní apá méjèèjì. Kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn fún ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú sí lójú ọ̀nà.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn máa ń rin nǹkan bí 5 kìlómítà ní wákàtí kan. Lórí ọ̀nà tí ó dára, kẹ̀kẹ́ lè rin 15. Bí oko bá wà ní kìlómítà 15 sí ilé, àlọ àti àbọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí 6. Ti oníkẹ̀kẹ́ jẹ́ wákàtí 2. Wákàtí 4 tí ó kù lè di ti oko, ti ọjà, tàbí ti kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Alùpùpù yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà fòpin sí owó ìrànwọ́ lórí epo ọkọ̀. Owó kpayo fò sókè lójijì ní gbogbo agbègbè ẹnu ibodè. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ nílé kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Àjàṣẹ́, kí zémidjan tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé èrò àti ẹrù fún owó. Taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú irin tí àwọn Faransé là dé Pobè ṣáájú ọdún 1914 ti dá iṣẹ́ dúró. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà tí a kò tọ́jú ń kú

Omi ni ọ̀tá ọ̀nà yangí. Bí omi kò bá rí ibi gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àárín ọ̀nà ni yóò gbà. Kòtò kékeré inú oṣù kẹrin a di ọ̀gbun ní oṣù keje. Nígbà náà, ẹ̀gẹ́ tí a ti wú a bàjẹ́ ní oko, aláboyún kò sì ní tètè dé ilé ìwòsàn. Kí àlejò oníkẹ̀kẹ́ tó dé, àwọn ará abúlé ni ọ̀nà bíbàjẹ́ ti ń jẹ níyà.

Láti ọdún 2003 tí àwọn ìgbìmọ̀ kọmúnù tí aráàlú dìbò yàn ti wọlé, àbójútó ọ̀nà abúlé jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ àti afárá wà lọ́wọ́ kọmúnù. Ọkọ́ àti àdá wà lọ́wọ́ aráàlú. Bí ọ̀dọ́ abúlé bá la ojú àgbàrá kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, tí wọ́n sì fi yangí dí kòtò nígbà tí ó ṣì kéré, iṣẹ́ ọjọ́ kan lè gba ọ̀nà là fún ọdún kan. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó kọ orúkọ ọ̀nà, ibi tí ó bàjẹ́ àti ọjọ́ tí ó bàjẹ́ sínú ìwé, kí ó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì arọ́ńdísímáànù Aguidi kí oṣù kẹta tó parí.