Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnì: Bí A Ṣe Ń Wádìí Tọ́bò Tí Kò Fẹ́ Dáadáa Mọ́

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Kì í ṣe dẹrẹ́bà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀, ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lọ sọ́jà, àti ẹni tó bá ẹgbẹ́ dá owó ra ọkọ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Àwa tí à ń ṣètò ẹ̀kọ́ àgbà ní bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan. Lọ́rì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn wẹ́dà àti káfíńtà ló kan ilé bọ́ọ̀sì lé e lórí, bí wọ́n ti máa ń sọ lọ́rì di mólùé ní Èkó láyé ijọ́un. Àwa náà tún yọ àwọn ìjókòó kan kúrò, a kan pákó ìwé mọ́ ọn lára, a gbé bẹ́ńṣì àti pátákó ìkọ̀wé sí i. Bí ó bá dé abúlé, ó di kíláàsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń gun òkè lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ìyá mọ́kànlá tó ń bọ̀ láti ibi ìdánwò ìwé kíkà wà nínú ọkọ̀. Dẹrẹ́bà wa tẹ tọ́tù dé ilẹ̀. Èéfín dúdú bo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá. Kọ̀ńdọ́ọ̀tọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò farapa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá náà fi rìn dé orí òkè nínú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ fún wa ní gáréèjì kan pé tọ́bò ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Owó tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a fi ń ra ìwé àti ṣọ́ọ̀kì fún ọdún kan. Bí a bá san án, kíláàsì méjì yóò tú ká. A jókòó, a rò ó. Àwọn àgbà ní, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A ní kí a kọ́kọ́ wádìí.

KÍ NI TỌ́BÒ?

Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ rí. Bí iná rẹ̀ bá ń kú lọ, ẹwìrì ni ó fi ń fẹ́ ẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú ẹ̀yinná, iná a ràn, irin a sì pọ́n. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, èéfín lásán ni yóò máa rú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ́ńjìnì tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì. Tọ́bò ni ẹwìrì rẹ̀. Ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Alfred Büchi ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan tó ń fọwọ́ fẹ́ ẹwìrì yìí. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Èéfín ń yí abẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní. Èkejì a sì máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú fíltà wọlé, tó sì ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ gidi, irin náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ló lè mú kí afẹ́fẹ́ dín kù:

Èkíní, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọ inú tọ́bò.

Èkejì, tọ́bò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó jò dànù kó tó dé inú ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀kẹta, èéfín tó yẹ kó yí tọ́bò kò tó, tàbí kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kẹrin, tọ́bò fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ rí i pé tọ́bò ni a fi ṣe ìkẹyìn. Òun ló wọ́n jù. Àwọn yòókù sì rọrùn láti wò.

Ẹ KỌ́KỌ́ KA NỌ́ḾBÀ

Géèjì tọ́bò wà nínú ọkọ̀ mìíràn. Bí kò bá sí nínú tiyín, mẹkáníìkì lè so ọ̀kan mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Lójú rẹ̀ ẹ ó rí lẹ́tà PSI tàbí BAR. PSI ń sọ iye páùn tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ojú ibi tí ó fẹ̀ ní íǹṣì kan, tí ó sì gùn ní íǹṣì kan. BAR 1 jẹ́ nǹkan bí PSI 14 àti ààbọ̀.

Bí ẹ́ńjìnì bá kú, géèjì gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Bí kò bá padà sí òdo, géèjì ló ń purọ́, ẹ wá òmíràn. Ẹ wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ìdí géèjì pẹ̀lú, bóyá ó ti ká tàbí ó ti lu.

Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì kàn ń mí lásán, nọ́ḿbà yóò wà ní òdo tàbí nítòsí òdo. Ẹ má jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù, bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn. Ìgbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀, tí ó ń gun òkè, tí tọ́tù sì wà nílẹ̀ pátápátá, ìgbà náà ni kí ẹ kà á. Kí ẹlòmíràn ló máa kà á, kí dẹrẹ́bà gbójú mọ́ ọ̀nà. Ìwé ẹ́ńjìnì yóò sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Tiwa yẹ kó dé PSI 18. Ní 8 ló dúró.

Dẹrẹ́bà wa ti lé ní ẹni ọdún 45 kó tó bẹ̀rẹ̀ a, b, d lọ́dọ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ó fa ìlà sí i. Ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ òkè, ó kọ nọ́ḿbà, ó kọ àwọ̀ èéfín. Ìwé yẹn ló gbà wá sílẹ̀, bí ẹ ó ti rí i.

Ẹ WO ÀWỌ̀ ÈÉFÍN

Bí èéfín bá dúdú tí ọkọ̀ kò sì lágbára, epo ń wọlé ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò tó o. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń bá lọ.

Bí ọkọ̀ kò bá lágbára, tí géèjì kò gòkè, tí kò sì sí èéfín rárá, ẹ fura sí epo. Iná kékeré kò lè fẹ́ ẹwìrì ńlá. Ó lè jẹ́ pé fíltà epo ti dí, tàbí pé afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù epo, tàbí pé wáyà tọ́tù kò fa ọwọ́ pọ́ǹpù dé òpin. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́, páìpù kékeré kan tún wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ tọ́bò lọ sí pọ́ǹpù epo. Páìpù yìí ló ń sọ fún pọ́ǹpù pé, "Afẹ́fẹ́ ti dé o, fi epo sí i." Bí ó bá lu, pọ́ǹpù kò ní gbọ́, kò sì ní fi epo kún epo.

Bí èéfín bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó. Ẹ má fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ìrìn jíjìn kí mẹkáníìkì tó wò ó.

Ẹ TẸ̀ LÉ E LẸ́SẸẸSẸ

Kí ẹ́ńjìnì kú, kí ó sì tutù, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tọ́bò máa ń gbóná débi pé ó lè bó ènìyàn lára.

1. Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́. Bí eruku bá ti dí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ibẹ̀, bóyá àkísà tàbí ilé eku wà níbẹ̀.

2. Ẹ fọwọ́ tọ gbogbo rọ́bà ńlá tó wà láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnì. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ wọn pẹ̀lú, nítorí abẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ya. Ẹ fún gbogbo kílíìpù wọn le.

3. Bí ojú kò bá rí ibi tó ń jò, ẹ lo omi ọṣẹ. Mẹkáníìkì yóò dí ẹnu tọ́bò níbi tí fíltà wà, yóò sì fi ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí i, kó má ju PSI 10 lọ. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú ohun tí a fi dí ẹnu tọ́bò, nítorí ó lè ta jáde bí òkò.

4. Ẹ wo ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, kó tó dé tọ́bò. Bí ẹ bá rí èérí dúdú tó tàn káàkiri lójú oríkèé, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, tàbí bóòtì ti já. Èéfín tó yẹ kó yí tọ́bò ń gba ibẹ̀ sá lọ.

5. Àwọn tọ́bò kan ní ilẹ̀kùn kékeré tí èéfín tó bá pọ̀ jù ń gbà lọ. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní wastegate. Bí ó bá há ní ṣíṣí, tọ́bò kò ní yí tó.

6. Ẹ wo sàlẹ́ńsà àti páìpù ẹ̀yìn. Bí òkúta ọ̀nà bá ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀, èéfín kò ní lè jáde. Nínú ọkọ̀ tí a sọ dà bíi tiwa, ẹ wò ó dáadáa, nítorí àwọn wẹ́dà ti lè gbé páìpù gba kọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù.

7. Ìgbẹ̀yìn ni tọ́bò. Ẹ yọ páìpù ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ náà. Ó yẹ kó yí wẹ́rẹ́. Kó mi díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ń fara kan ògiri, tàbí tí etí rẹ̀ ti ya, tọ́bò ń fẹ́ àtúnṣe lóòótọ́.

OHUN TÍ A RÍ

A bẹ mẹkáníìkì àgbà kan, ó sì bá wa tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Fíltà afẹ́fẹ́ mọ́. Nígbà tí ó fọwọ́ kan abẹ́ rọ́bà ńlá kejì, ìka rẹ̀ wọ inú ihò. Rọ́bà náà ti ya gùn tó ìka méjì. Bí ọkọ̀ bá dúró, yíya náà á pa ẹnu dé, ojú kò ní rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í, á la ẹnu. A pààrọ̀ rẹ̀.

A tún gun òkè kan náà. Dẹrẹ́bà ní kí kọ̀ńdọ́ọ̀tọ̀ ka géèjì. Ó jẹ́ 14. Gbogbo wa hó yèè, a ní ó ti tán. Dẹrẹ́bà ní, "Rárá o, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ìwé ní 18. Ó ku 4." Bí kò bá mọ̀ọ́kà ni, à bá ti lọ sílé. A padà sí ìlà kẹrin nínú ohun tí a kọ. Òótọ́ ni, èérí dúdú wà níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì kan ti jó. Nígbà tí a pààrọ̀ òun náà, géèjì dé 18. Èéfín dúdú lọ. Tọ́bò tí wọ́n ní ó ti kú ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ wa, kíláàsì méjèèjì kò sì tú ká.

ÌKÌLỌ̀

Bí tọ́bò kò bá fẹ́ tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí pọ́ǹpù epo sókè kí ọkọ̀ lè lágbára. Epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ a máa mú kí inú ẹ́ńjìnì gbóná ju ìwọ̀n lọ, písítìn sì lè yọ́. Ìyẹn wọ́n ju tọ́bò lọ.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má mú ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ súnmọ́ ẹnu tọ́bò tí kò ní páìpù. Ó lè fà á wọlé.

Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, nítorí inú ọ́ìlì ni irin tọ́bò ti ń yí. Bí ẹ bá gun òkè tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá pa á lójijì, ọ́ìlì yóò jó mọ́ irin gbígbóná náà lára.

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ pé kí gbogbo yín di mẹkáníìkì. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó lè ka nọ́ḿbà, tó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní fi owó ẹgbẹ́ ra ohun tí kò bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò?

2. Kí ni èéfín dúdú ń sọ fún wa? Bí kò bá sí èéfín rárá ńkọ́?

3. Nígbà tí géèjì dé 14, kí ló dé tí dẹrẹ́bà kò gbà pé iṣẹ́ ti parí?

4. Ẹ fa ìlà sínú ìwé yín bíi ti dẹrẹ́bà wa. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ lọ, nọ́ḿbà géèjì àti àwọ̀ èéfín. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, ẹ fi kọ owó epo àtùpà tàbí owó ọjà yín fún ọ̀sẹ̀ kan.