Aró àti Òróró fún Ìdí Ìbọn

Aró ni í fún igi ìdí ìbọn ní àwọ̀. Òróró ni í gbà á lọ́wọ́ òjò àti òógùn. Aró ni ó gbọdọ̀ ṣáájú, nítorí igi tí ó ti mu òróró kì í gba aró dáadáa mọ́.

Nígbà tí ọta bá ti kúrò nínú ìbọn, tí igi sì ti kúrò lára irin, oníṣẹ́ yóò fi sáńpépà ha á. Bí aró bá gbẹ, yóò fi òróró linseed pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo pupa kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí kì í gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni í sọ linseed di líle. Èyí a sì máa mú ooru wá. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ká àkísà òróró yìí jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ó tẹ́ ẹ sí kí ó gbẹ.