Ohun Tí A Rí He Lórí Òkè: Ta Ni Ó Ni Ín?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí ó rí nǹkan he tí ó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ nù ńkọ́?" Òwe yìí ni ó yẹ kí á fi sọ́kàn nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọrọ̀ òjijì. Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, "Bí owó ńlá bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lónìí, kí ni ìwọ yóò fi ṣe?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú èyí: ta ni ó ni owó náà?

Ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa fi ẹsẹ̀ rìn gun òkè, kì í ṣe pé wọ́n ń lọ sí oko tàbí ọjà, bí kò ṣe fún ìgbádùn àti ìlera ara. Nígbà mìíràn, wọn a ṣe alábàápàdé ohun tí wọn kò wá lọ.

Ní ọdún 1966, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Íńdíà kan kọlu òkè Mont Blanc ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn 117 sì ṣòfò ẹ̀mí. Ní ọdún 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gun òkè náà rí àpótí kékeré kan nínú yìnyín, òkúta iyebíye ni ó wà nínú rẹ̀. Ì bá kó o sápò kí ó máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé e tọ àwọn ọlọ́pàá lọ. Wọ́n wá àwọn ajogún títí, wọn kò rí wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2021, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún ẹni tí ó rí i he, ọ̀kan fún ìlú Chamonix tí ó ni ilẹ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 150,000 owó Yúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun yóò fi díẹ̀ nínú tòun tún ilé òun ṣe.

Ní ọdún 2013 kan náà, tọkọtaya kan ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń mú ajá wọn rìn lórí ilẹ̀ ara wọn. Wọ́n rí agolo kan tí ó yọrí nínú ilẹ̀. Agolo mẹ́jọ ni wọ́n wú jáde nígbẹ̀yìn, owó wúrà 1,427 sì wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ní iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Wọn kò jẹ́ kí ayé mọ orúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn yóò san gbèsè, àwọn yóò sì ta àwọn aláìní lọ́rẹ ní ìdákẹ́jẹ́.

Bákan náà ni ní ọdún 2025, arìnrìn-àjò méjì rí owó wúrà 598 lórí òkè kan ní orílẹ̀-èdè Czech, wọ́n sì kó o lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Hradec Králové.

Ìwà yìí kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí àálè tí àwọn baba wa máa ń so mọ́ ohun ìní wọn, ìbáà ṣe àkísà, ìgbálẹ̀ tàbí ìkarahun ìgbín. Ẹ rántí ọjà tí àwọn àgbẹ̀ máa ń pàtẹ sí ojú ọ̀nà láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, tí arìnrìn-àjò yóò sì fi owó sílẹ̀ kí ó tó mú un. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú méjèèjì ni pé ohun tí a kò rí olúwa rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò ní olúwa. Kò sí àálè lára àpótí inú yìnyín nì, ṣùgbọ́n ẹrù òkú ni.

Òtítọ́ ni pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wá olówó, tí ó san gbèsè, tí ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe, tí ó rántí aláìní, tí kò sì fi ariwo pe olè wá sílé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ ọrọ̀ òjijì pẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó rí nǹkan he.