Ẹ Má Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ̀yà Rẹ̀ Kò Bára Mu

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó tí gbogbo wa ń dá lóṣooṣù la kó jọ tí a fi ń yá ara wa. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí ìwé ìròyìn wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò báyìí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Nínú wa, àwọn kan ń tẹ ìwé fún ará àdúgbò, àwọn kan ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, àwọn kan sì ń ṣe kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n á sì ní kí ẹnjiníà tò ó pọ̀. Ọ̀nà yìí dára. Ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń ra, bí ẹyọ kan bá sì bàjẹ́ lọ́la, ẹyọ yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà kan kò bá bá èkejì mu, gbogbo rẹ̀ di ẹrù lásán. Ẹ̀rọ lè kọ̀ kó má tàn, ṣùgbọ́n owó tí a ń yọ lóṣooṣù kò ní kọ̀, àwọn onídùúró yín náà kò sì ní sùn dáadáa. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

KÍ NI IṢẸ́ TÍ Ẹ FẸ́ FI ṢE?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé, tó fẹ́ kọ ìṣirò ọjà, tó sì fẹ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò nílò ẹ̀rọ tí àwọn tó ń gé fídíò ń lò. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sí ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá dé ọjà láìmọ ohun tí ẹ ń wá, ohun tí olùtajà fẹ́ tà lẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ṣe àpèjúwe. Prósẹ́sọ̀ ni olùtajà tó ń ṣe gbogbo ìṣirò. RAM ni àtẹ tí a ń pa ọjà lé: bí àtẹ bá tóbi, ọjà púpọ̀ á gbà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. SSD tàbí háàdì-dísìkì ni sítọ̀ tí à ń kó ẹrù sí. Páwà-pákì ló ń pín iná fún gbogbo wọn. Mọ́dábọ́ọ̀dù sì ni ilẹ̀ tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé.

PRÓSẸ́SỌ̀ ÀTI MỌ́DÁBỌ́Ọ̀DÙ: TỌKỌTAYA NI WỌ́N

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. Ojú ihò tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lára mọ́dábọ́ọ̀dù ni à ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ ilé yìí kì í ṣí ilé kejì. Prósẹ́sọ̀ Intel kò lè wọ bọ́ọ̀dù AMD láéláé. Bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, ó ṣì ku ìbéèrè.

Ní ti AMD, sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ti wà láti ọdún 2016, RAM DDR4 ló ń lò. AM5 jáde ní 2022, DDR5 nìkan ló sì ń gbà. Ní ti Intel, LGA1700 tó jáde ní 2021 ń gba Gen 12, Gen 13 àti Gen 14. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ kan lè jẹ́ ti DDR4, kí òmíràn jẹ́ ti DDR5, nítorí náà ẹ ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń tan ènìyàn jù. Gen 6 àti Gen 7 Intel ń lo LGA1151. Gen 8 àti Gen 9 náà ń lo LGA1151. Iye ojú rẹ̀ kan náà ni, prósẹ́sọ̀ á sì jókòó sínú ihò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún Gen 6 àti 7 kò ní tan Gen 8. Nítorí náà, ẹ má gbà bí olùtajà bá ní, "Ẹ wò ó, Màmá, ó kúkú wọlé." Kó wọlé yàtọ̀ sí kó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ BIOS náà wà níbẹ̀, ìyẹn ìtọ́ni tí wọ́n kọ sínú bọ́ọ̀dù láti ilé-iṣẹ́. Bọ́ọ̀dù B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá Ryzen 5000 mọ̀ àfi bí a bá sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun. Ẹ ní kí olùtajà ṣe é kí ẹ tó sanwó.

RAM: OJÚ ÀBÙGÉ RẸ̀ KÌ Í PURỌ́

DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í rọ́pò ara wọn. Ojú tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. DDR4 àti DDR5 ní ẹsẹ̀ 288 lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ibi tí àbùgé wà kì í ṣe ọgbọọgba. Bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

RAM kúkúrú ti láptọ́ọ̀pù ni, kò ní wọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Òmíràn wà tí wọ́n tú lára sáfà, tí wọ́n ń kọ "ECC Registered" sí. Ó lè pọ́pó, ó sì lè gùn bákan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ ń wá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù lásán kì í tàn pẹ̀lú rẹ̀. Fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀, 8GB á gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Fún àwòrán àti kàlẹ́ńdà, ẹ wá 16GB. Igi 8GB méjì a máa yára ju igi 16GB kan ṣoṣo lọ, pàápàá níbi tí prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ bá ń gbé àwòrán jáde.

SÍTỌ̀ ÀTI OJÚ ÀWÒRÁN

SSD SATA onínṣì 2.5 ni kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí bọ́ọ̀dù tí kò gbà á. Èyí tó dà bí ṣíngọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń pè ní M.2, oríṣi méjì ni: SATA àti NVMe. Ojú ihò tó jẹ́ ti SATA nìkan kò ní rí NVMe. Ẹ wo ìwé bọ́ọ̀dù yín.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀, ẹ wo lẹ́tà tó parí orúkọ prósẹ́sọ̀. Intel tó bá ní F kì í gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Nínú AM4, Ryzen tó bá ní G ni ẹ ń wá. Bí àpẹẹrẹ, Ryzen 5 5600G tó jáde ní 2021 ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, wáàtì 65 ni wọ́n ṣe ìwọ̀n rẹ̀, fáànù rẹ̀ sì máa ń bá a wá nínú páálí. Ẹ fi sórí bọ́ọ̀dù A520 tàbí B550 pẹ̀lú DDR4, ẹ ti ní ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kékeré láìsí káàdì àwòrán kankan.

PÁWÀ-PÁKÌ ÀTI INÁ ILẸ̀ WA

Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ má fi páwà-pákì tó fúyẹ́ bí ìwé ṣe ọrọ̀ ajé. Òmíràn á kọ wáàtì 600 sára, kò sì lè gbé ìdajì rẹ̀. Bí ó bá jó, ó lè pa bọ́ọ̀dù àti SSD tì í. Fún ẹ̀rọ tí a sọ lókè yìí, ojúlówó wáàtì 400 sí 450 ti pọ̀ tó. Ẹ wá èyí tó ní àmì 80 PLUS, láti ọwọ́ ẹni tó lè fún yín ní ìdánilójú.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ti Amẹ́ríkà ni 115. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230 tiwa láìyí bọ́tìnì náà, ó dìgbòóṣe. Ẹ ra UPS pẹ̀lú, kí ẹ sì rántí pé VA tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe wáàtì. Wáàtì rẹ̀ máa ń kéré sí i.

Kéésìn náà ní ìwọ̀n. Bọ́ọ̀dù ATX gùn ní mílímítà 305 sí 244, micro-ATX sì jẹ́ 244 sí 244. Kékeré á wọ inú ńlá, ńlá kò ní wọ inú kékeré.

TÒKUNBỌ̀ TÓ TI PÉ NÍNÚ KÉÉSÌN ŃKỌ́?

Bó bá jẹ́ ìwé títẹ̀ nìkan ni, tòkunbọ̀ HP tàbí Dell tó ti ọ́fíìsì wá lè sàn ju títò lọ. Ṣùgbọ́n páwà-pákì ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe oríṣi tó wà káàkiri ọjà, bó bá jó, ẹ ó wá irú rẹ̀ gan-an. Èkejì, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ó sì ń béèrè Intel Gen 8 sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Gen 4 tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ lè fi Linux àti LibreOffice sí i, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Ẹ gé owó lára ohun ẹ̀ṣọ́: kéésìn tó ń tàn yòò kì í tẹ ìwé. Ẹ lè ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀, ẹ kàn rí i pé ihò wáyà rẹ̀ bá ti bọ́ọ̀dù mu, ìbáà ṣe HDMI tàbí VGA. Ẹ lè fi igi RAM kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má gé owó lára páwà-pákì, SSD àti UPS.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Bóyá Computer Village ní Ìkẹjà lẹ lọ o, bóyá ọjà ìlú yín ni, ìlànà kan náà ni.

1. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní kíkún, àti nọ́mbà àti lẹ́tà rẹ̀. "Core i5" nìkan kò tó. Ti Gen mélòó?
2. Ẹ kọ́kọ́ mú prósẹ́sọ̀ àti bọ́ọ̀dù, kí ẹ tó mú RAM. Kéésìn àti páwà-pákì ló gbẹ̀yìn.
3. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra bọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àti RAM lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá ẹlòmíràn lẹ́bi.
4. Ẹ fi sùúrù sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan án níbí." Kó tàn lójú yín, kí ẹ rí iye RAM àti iye SSD lójú rẹ̀.
5. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́mbà ẹ̀yà sí, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yá owó nítorí iṣẹ́ yìí, a rọ̀ yín kí ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ẹ̀yà wọ̀nyí sí dání wá sí ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Owó tí a fi òógùn kó jọ ni, kò yẹ kó bá páálí òfìfo lọ.

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa kò ní bàjẹ́ o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.