Kí ló ń pa ẹja inú àpótí dígí ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin? Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò

Bí ẹja bá ń gòkè wá sójú omi ní ìdájí, tó ń la ẹnu bí ẹni tí èémí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà. Wọ́n á da oògùn aláwọ̀ búlúù sí omi, wọ́n á fi iyọ̀ lé e. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹja mìíràn ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àìsàn ẹja wà lóòótọ́, a ó sì dé orí rẹ̀. Àmọ́ ní àdúgbò wa yìí, láti Festac dé Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin títí kan ìhà Trade Fair, omi ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Omi kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé níbí gbójú lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó, tó wà nínú iyanrìn etíkun, sábà máa ń kan, ìyẹn ni pé pH rẹ̀ kì í tó 7, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ṣe ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ jáde, ọ́síjìn inú rẹ̀ kéré, gáàsì káríbọ́nù dàyọ́síìdì ló kún un. Ẹni tó bá so họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tó tú u tààrà sínú àpótí, omi tí ẹja kò lè mí nínú rẹ̀ ló bù fún un. Ẹ fa omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó máa hó fún odidi ọjọ́ kan. Gáàsì á jáde lọ, pH á gòkè díẹ̀, irin á di ìpẹtà, á sì rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Omi òkè ni kí ẹ bù, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kejì ni ẹ̀gbin ẹja fúnra rẹ̀. Amóníà ni ẹja ń tú jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gba ibi tó fi ń mí kọjá. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti ewé tó jẹrà náà ń di amóníà. Odò á gbé e lọ, ṣùgbọ́n nínú àpótí tó gba lítà 60, kò ríbi lọ. Bakitéríà ló ń gba ẹja sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tó ṣì lóró. Àwọn mìíràn, bíi Nitrospira, á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ewé ń jẹ, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹja lẹ́nu. Nínú àpótí tuntun, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Ẹni tó ra àpótí lọ́jọ́ Sátidé, tó kó ẹja 10 sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì ní wọn rárá. Náítíráìtì ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹja á máa mí gúlegúle bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà nínú omi. Ibẹ̀ ni iyọ̀ díẹ̀ ti wúlò gan-an, nítorí kulóráìdì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí náítíráìtì ráyè wọ ara ẹja.

Ibi tí omi kíkan àti amóníà ti pàdé ni ọ̀rọ̀ ti takókó. Nínú omi tó kan, èyí tó pọ̀ jù nínú amóníà máa ń wà ní ipò tí wọ́n ń pè ní amóníọ́mù, tí oró rẹ̀ kéré púpọ̀. Bí pH bá wá lọ sílẹ̀ tó 6, iṣẹ́ bakitéríà á falẹ̀, amóníọ́mù á sì máa kó jọ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹja ń wẹ̀, ó ń jẹun, ọkàn onílé balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pinnu láti fọ àpótí náà dáadáa. Ó da ìdajì omi nù, ó bu omi mìíràn sí i, ó fi ẹfun sí i kí ó má baà kan. pH fò láti 6 dé 8. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, amóníà olóró pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 50, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da májèlé sí i. Ẹja tó ti lo oṣù mẹ́fà lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ èèyàn pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún omi lọ́ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wọn pH àti amóníà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí kò bá wọn omi, àbá lásán ló ń dá.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Inú fóòmù fílítà ni ọ̀pọ̀ bakitéríà náà ń gbé, wọ́n sì nílò ọ́síjìn. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọ́síjìn inú fílítà tó dé pa á tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí iná bá dé, fílítà á tu gbogbo ìdọ̀tí yẹn padà sínú àpótí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ṣí i gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ bu omi àpótí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fún fóòmù náà nínú rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹ yọ fóòmù náà sínú omi àpótí gbangba, kí ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ títí iná á fi dé. Ẹni tó bá lágbára ìńfátà, ọjà Àlábà kò jìnnà.

Ooru náà ń dá kún un. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 9. Ní 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ewé inú àpótí, tó ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án, òun náà ń mí in lóru. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdájí ni ẹja ń yọjú sókè.

Ní ti ewé, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Lọ́ńdọ̀nù, jábọ̀ lọ́dún 1850 pé òun fi goldfish 2 àti koríko inú omi sínú ohun èlò dígí kan. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi dọ̀tí. Ìgbà tó kó ìgbín omi sí i, tí wọ́n jẹ ewé jíjẹrà náà, ni omi tó mọ́. Ewé tó ń kú ń ba omi jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹja tó kú ṣe ń bà á jẹ́, ẹ tètè gé e kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ewé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nù nítorí pé ó ń rọ. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbìn sókè omi kí wọ́n tó tà á. Ewé àtijọ́ á jẹrà, tuntun á rú. Bó bá jẹ́ ewé àgbà ló ń pọ́n, ó ṣeé ṣe kí náítíréètì má tó. Bí ewé àgbà bá ń lu ihò kéékèèké, ẹ fura sí pòtásíọ̀mù. Bí ewé tuntun bá ń ṣì, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, irin ni kò rí jẹ, kódà nínú omi wa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí irin tó ti di ìpẹtà kò ṣeé jẹ fún ewé. Iná wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́ tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, èérí aláwọ̀ ewé ló ń bọ́ lára dígí.

Anubias barteri, ewé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń tà kárí ayé, ń jẹ́ orúkọ Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá ikọ̀ olùṣàwárí Baikie wá sí odò Ọya lọ́dún 1857. Ewé yìí kì í ní wàhálà, àfi bí wọ́n bá ri igi rẹ̀ mọ́ iyanrìn, tó bá jẹrà. Òkúta ni kí ẹ fi òwú dè é mọ́. Ojú oró, tí a fi ń ṣe àdúrà pé kí a lékè, ń fa amóníà mu kíákíá. Ẹ má jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ. Bó bá jẹ́ inú kánàálì ni ẹ ti bù ú, ẹ kọ́kọ́ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2.

Àìsàn tó máa ń yọ àmì funfun bí iyọ̀ sára ẹja, kòkòrò Ichthyophthirius ló ń fà á. Oògùn kò lè pa èyí tó ti wọ awọ ara. Ìgbà tó bá já bọ́ tó ń wẹ̀ kiri ni ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bá oògùn lọ fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àmì bá ti lọ, kí ẹ sì yọ èédú kúrò nínú fílítà, nítorí ó ń fa oògùn mu.

Ó dùn mí pé ẹja ilẹ̀ òkèèrè tó nílò omi tí pH rẹ̀ tó 8, bíi ti adágún Malawi, là ń forí ṣe fọrùn ṣe lé lórí, nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó kan díẹ̀ ti mọ́ Pelvicachromis pulcher, ìbátan ẹ̀pìyà láti àwọn odò gúúsù Nàìjíríà, lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ pH omi yín sára ọ̀rá tí ẹ bá di ẹja sí, kí oníbàárà lè mọ bí omi ilé òun ṣe jìnnà sí tiyín tó kó tó tú ẹja náà sínú rẹ̀.